Owó tẹ́ ẹ ń fún booster club ilé ìwé: èyí tí IRS gbà àti èyí tí kò gbà

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí bọ́ọ̀lù àti bàǹdì fẹ́ gbéra, ni ìwé booster club, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn òbí dá sílẹ̀ láti kówó jọ fún eré àti orin ilé ìwé, máa ń wọlé: owó aṣọ, owó ìrìn àjò, owó olùkọ́ni, àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́". Nísàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé owó yìí ṣeé yọ kúrò nínú owó orí. Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Houston, ní Maryland àti ní Atlanta ló ń gba gbólóhùn yẹn gbọ́ bó ṣe wà. Wọ́n á san owó, wọ́n á kó rìsíìtì pa mọ́, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń bá wọn ṣe owó orí. Nínú $1,200 tí wọ́n san, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ $150 péré ni òfin gbà. Ìyókù jẹ́ owó ọjà tí wọ́n rà tàbí owó ìtọ́jú ọmọ tiwọn, ìyẹn kì í sì í ṣe ìtọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí yíyọ yìí ń ṣe ná. Kò túmọ̀ sí pé ìjọba máa dá owó náà padà; inú owó tó wọlé fún yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Bẹ́ ẹ bá fún ẹgbẹ́ ní $100, tí owó tó ń wọlé fún yín sì wà ní ìpele ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, $22 ni owó orí yín fi máa dín kù. $78 yòókù ti kúrò lápò yín nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ sáà san án, ìjọba máa dá a padà" ń tàn yín ni, bí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òfin kọ́kọ́ ń wò ni ẹni tó gba owó náà. Ilé ìwé ìjọba jẹ́ apá kan ìjọba. Bẹ́ ẹ bá kọ sọ̀wédowó sí orúkọ ilé ìwé náà tàbí ti school district, fún ohun tí gbogbo ọmọ máa jọ jàǹfààní rẹ̀, ó ṣeé yọ, ilé ìwé kò sì nílò ìwé 501(c)(3) kankan, ìyẹn àṣẹ tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ń fún ẹgbẹ́ kó má bàa san owó orí, kí ìtọrẹ fún un sì ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n booster club kì í ṣe ilé ìwé. Àwọn òbí ló dá a sílẹ̀, ó ní àkántì tirẹ̀ ní báńkì, ó sì yẹ kó ní nọ́ńbà owó orí tirẹ̀, ìyẹn EIN. Orúkọ ilé ìwé tó wà lára rẹ̀ kò sọ ọ́ di ilé ìwé. Bí ẹgbẹ́ bá sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ajèrè, ìyẹn dára, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ti ìpínlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti IRS.

Ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ béèrè EIN lọ́wọ́ akápò, kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì IRS níbi tí wọ́n ń pè ní Tax Exempt Organization Search, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ wá a, torí ilé ìwé tó ń jẹ́ Central tàbí Lincoln pọ̀ ju ewé lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹgbẹ́ náà bá wà nínú àwọn tó lè gba ìtọrẹ tó ṣeé yọ, ó parí. Bó bá jẹ́ pé inú àkójọ àwọn tí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ló wà, ẹ dúró ná.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń bọ́ sínú àkójọ yẹn rọrùn gan-an, ó sì ń dunni. Gbogbo ẹgbẹ́ 501(c)(3) irú èyí gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí IRS lọ́dọọdún. Èyí tí owó tó ń wọlé fún un kì í sábà ju $50,000 lọ ń fi Form 990-N ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ọdún mẹ́ta bá tẹ̀ léra láìfi í ránṣẹ́, òfin fúnra rẹ̀ ti gba àṣẹ náà, kò sí pé IRS ń bẹ ẹ́ wò. Ohun tó sì ń fà á ni pé àwọn olóyè booster club kì í pẹ́ nípò. Ọmọ akápò parí ìwé girama, akápò náà bá tirẹ̀ lọ, lẹ́tà IRS sì ń wọ ilé rẹ̀ tàbí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́. Ẹni tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kan wà. Ẹni tó fún ẹgbẹ́ lówó kí orúkọ ẹgbẹ́ tó jáde nínú àkójọ náà ṣì lè yọ owó rẹ̀. Ẹni tó fún un lẹ́yìn rẹ̀ kò lè yọ ọ́.

Àwọn kan tún wà tí ẹ ò ní rí lórí ìkànnì náà, tí ọ̀rọ̀ wọn sì lè dára. Ẹgbẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un kì í sábà ju $5,000 lọ lọ́dún kò pọn dandan kó kọ̀wé tọrọ àṣẹ. Ẹgbẹ́ mìíràn wà lábẹ́ àṣẹ ẹgbẹ́ ńlá kan, ó sì lè jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ńlá náà nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú irú èyí, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà lẹ́tà àṣẹ náà, kẹ́ ẹ sì fi pa mọ́, torí ọwọ́ yín ni ẹ̀rí wà bí IRS bá béèrè.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó ń ba owó ọ̀pọ̀ òbí jẹ́: kí lẹ gbà padà? Ìtọrẹ ni ohun tẹ́ ẹ fún ẹgbẹ́ láìgba nǹkan tó tó o padà. Bẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ alẹ́ ẹgbẹ́ ní $60, tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ $25 níbòmíràn, $35 lẹ lè yọ. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo, bẹ́ ẹ bá san $300 lórí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tó tó $220, $80 ni ìtọrẹ yín. Bí ohun inú rẹ̀ bá tó $350, kò sí ìtọrẹ níbẹ̀ rárá, ọjà lẹ rà. Ó tún yẹ kẹ́ ẹ ti mọ iye ọjà náà kẹ́ ẹ tó ná an, ìdí nìyí tó fi dára kí ẹgbẹ́ kọ iye sára gbogbo nǹkan tí wọ́n bá pàtẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì raffle, ìyẹn tẹ́tẹ́ oríire, kò ṣeé yọ kódà bẹ́ ẹ ò jẹ nǹkan kan. Aṣọ tó ní àmì ilé ìwé, ọjà ni.

Owó tí wọ́n ń pè ní "fair share" ló ń ṣe àwọn èèyàn ní ṣìbáṣìbo jù. Ẹgbẹ́ bàǹdì á ní ìdílé kọ̀ọ̀kan máa san $650: aṣọ, ìpàgọ́ ìgbà ooru, bàtà, ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ síbi ìdíje. Orúkọ yòówù kí wọ́n fún un, ẹ bi ara yín bóyá ọmọ yín máa kópa bẹ́ ẹ ò bá san án. Bí kò bá ní lè kópa, owó ẹ̀kọ́ ni, kò ṣeé yọ. Bẹ́ ẹ bá wá san $650 náà tán, tẹ́ ẹ fi $200 lé e kí ẹgbẹ́ fi ra ìlù tuntun fún gbogbo bàǹdì, $200 yẹn ni ìtọrẹ. Ẹ má fi méjèèjì sínú sọ̀wédowó kan. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí rìsíìtì náà jẹ́ méjì.

Ibi tó wá le jù nìyí, ó sì kan àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ju ẹni tó ń fi owó sílẹ̀ lọ: àkántì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹgbẹ́ ra ṣokoléètì, ó fún ọmọ kan ní páálí kan tí 60 wà nínú rẹ̀, kó tà á ní $2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. $120 wọlé, ká ní $60 ni ẹgbẹ́ rà á, èrè $60 ló kù. Akápò ṣí ìwé, ó kọ $60 sábẹ́ orúkọ ọmọ yẹn, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó ìrìn àjò rẹ̀ sí Orlando. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tà, òdo ló wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, á san owó rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun tó tọ́, àbí? Lójú òfin, àjọ ni wọ́n ń dá níbẹ̀: oníkálùkù ń kó tirẹ̀ sọ́wọ́ alájọ, oníkálùkù sì ń gba tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìjọba yọ̀ǹda fún láti má san owó orí gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọmọ tó wà nínú eré náà, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀nà tí ìdílé kan fi ń dín ìnáwó ara rẹ̀ kù.

Èyí kì í ṣe ìdẹ́rùbani. Ní ọdún 2013, Tax Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, dá ẹjọ́ Capital Gymnastics Booster Club, ẹgbẹ́ òbí kan ní Virginia. Àwọn òbí tó bá ta ọjà níbẹ̀ ń gba àmì, àmì náà ni wọ́n sì fi ń dín owó tí wọ́n máa san lórí ọmọ tiwọn kù. Ẹni tí kò tà kò rí nǹkan kan gbà nínú èrè náà. Ilé ẹjọ́ ní àǹfààní ti ara ẹni ló gbòde níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì pàdánù àṣẹ rẹ̀. Eré ìdárayá tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀ kò burú, kò sì sí ẹni tó jí owó. Bí wọ́n ṣe pín èrè ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

A mọ ìbínú tó máa ń tẹ̀ lé e bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yí i padà. "Èmi ni mo dúró níwájú Walmart láti àárọ̀, lágbájá sì jókòó sílé, ká wá jọ pín in?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ máa pín in. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo èrè á wọ inú àpò kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ á fi dín iye tí gbogbo ọmọ máa san kù ní ọgbọọgba. Bó bá jẹ́ pé àwọn kan kò lágbára, kí ẹgbẹ́ ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, kó jẹ́ pé àìní ni wọ́n ń wò, kí òbí tó tọrọ má sì sí nínú ìgbìmọ̀ tó máa pinnu. Ẹ tún yọ òfin "tà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ san $100" kúrò. Ẹ lè rọ àwọn èèyàn, ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, àmọ́ kò gbọdọ̀ di dandan.

Ìlànà yìí náà ló mú ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ tó wà ní Chicago, tó fi $200 ránṣẹ́ sí booster club, tó sì kọ ọ́ sára sọ̀wédowó pé "fún ìrìn àjò Tolú". Owó tí wọ́n ti dárúkọ ẹni kan lé lórí di ẹ̀bùn fún ẹni yẹn, kò ṣeé yọ, bí ẹgbẹ́ náà tiẹ̀ ní àṣẹ tó pé. GoFundMe tí òbí ṣí fún ọmọ rẹ̀, bákan náà ló rí.

Ká wá gbà pé ìtọrẹ gidi lẹ ṣe, ẹgbẹ́ náà sì dára. Ṣé ó máa dín owó orí yín kù? Ní ọdún 2025, àyàfi bẹ́ ẹ bá ń ka àwọn ìyọkúrò yín ní ẹyọ ẹyọ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Schedule A. Standard deduction, ìyẹn iye tí ìjọba ń yọ fún gbogbo èèyàn láìbéèrè, jẹ́ $31,500 fún tọkọtaya tó jọ fi ìwé ránṣẹ́ ní 2025, $15,750 fún ẹni tó dá wà. Bí èlé orí ilé yín, owó orí ìpínlẹ̀ àti ìtọrẹ yín lápapọ̀ kò bá kọjá iye yẹn, $200 ti booster club kò yí nǹkan kan padà. Àwọn ìdílé tó ń san ìdámẹ́wàá déédéé sábà máa ń kọjá rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ṣì ń san gbèsè ilé. Owó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí ń wọ inú ìṣirò kan náà pẹ̀lú ti ilé ìwé, nítorí náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Láti ọdún 2026, òfin tuntun ti yí nǹkan padà fún ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó ń lo standard deduction lè yọ ìtọrẹ tó tó $1,000 lé e, tọkọtaya tó tó $2,000. Owó nìkan ni èyí kàn, ìbáà ṣe sọ̀wédowó tàbí káàdì. Aṣọ àti ohun èlò kò sí níbẹ̀. Nítorí náà òbí tí kò tíì rí àǹfààní kankan rí lórí $300 tó ń fún ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ní ti àwọn tó ń kà á ní ẹyọ ẹyọ, ìjọba kò ní ka apá ìbẹ̀rẹ̀ ìtọrẹ wọn mọ́, ìyẹn ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn. Bí owó tó wọlé fún ìdílé bá jẹ́ $140,000, $700 àkọ́kọ́ kò ka nǹkan kan. Ìdílé tó san ìdámẹ́wàá $9,000, tó sì fún booster club ní $500, $8,800 ló máa yọ.

Rìsíìtì wá. Fún owó tí kò tó $250, ìwé báńkì tàbí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti iye nínú ti tó. Láti $250 sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwé báńkì kò tó mọ́. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún yín, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ sọ iye owó náà, kó sì sọ ní gbangba bóyá wọ́n fún yín ní nǹkan kan padà tàbí wọn kò fún yín. Bí wọ́n bá fún yín, kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ àti iye tí wọ́n rò pé ó tó. Gbólóhùn kan yẹn ni lẹ́tà ìdúpẹ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ní, ìdí sì nìyẹn tí ilé ẹjọ́ fi ń da ìtọrẹ àwọn èèyàn nù, bó tiẹ̀ hàn kedere pé wọ́n san owó náà. Ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi ìwé owó orí ránṣẹ́. Èyí tẹ́ ẹ gbà lẹ́yìn rẹ̀ kò wúlò. Ẹgbẹ́ pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀: bí ẹnì kan bá san ju $75 lọ tó sì gba nǹkan padà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún un èyí tó jẹ́ ìtọrẹ nínú rẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $10 lórí owó kọ̀ọ̀kan, títí dé $5,000 lórí ètò ìkówójọ kan.

Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí Zelle tàbí Cash App akápò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa ní ni pé ẹ fún èèyàn kan lówó. Sọ̀wédowó tẹ́ ẹ fi sínú póósìtì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá jẹ́ ti ọdún yẹn, bí wọ́n bá tiẹ̀ sanwó rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Káàdì tẹ́ ẹ fà lọ́jọ́ náà, bákan náà.

Àkókò tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kò ṣeé yọ. Bí ìyá kan bá se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n máa tà níbi ìdíje, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní iye lójú IRS, ṣùgbọ́n owó ìrẹsì, tòmátì, òróró àti adìẹ tó rà láti se é ṣeé yọ, bí ẹgbẹ́ kò bá san án padà fún un, tí rìsíìtì ọjà sì wà. Ẹni tó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ẹrù ẹgbẹ́ lè yọ sẹ́ǹtì 14 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Wíwa ọkọ̀ lọ wo ọmọ ẹni ní pápá kò sí níbẹ̀. Bí ohun èlò orin tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi tọrẹ bá kọjá $500 lápapọ̀ lọ́dún, ẹ máa kún Form 8283, èyí tó bá sì ju $5,000 lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹni tó mọ iye rẹ̀.

Àwọn tó ní ilé oúnjẹ, ilé ìtọ́jú tàbí iṣẹ́ mìíràn, tí ẹgbẹ́ máa ń ní kí wọ́n gbé orúkọ wọn sí bánà pápá ní $500, ọ̀nà tiyín rọrùn jù. Bó bá jẹ́ nítorí kí àwọn oníbàárà lè rí yín ni, owó ìpolówó ọjà ni, inú ìnáwó iṣẹ́ yín ló ń lọ, kò sì kan Schedule A. Ẹ ò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹgbẹ́ sì rí i pé orúkọ, àmì, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà lára bánà náà. Bí "ẹ wá rà á, tiwa ló dín owó jù" bá ti wọ̀ ọ́, ní ti ẹgbẹ́, ó ti di ìpolówó ọjà tí wọ́n ń tà, wọ́n sì lè jẹ owó orí lórí rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́nà tó tọ́: EIN kò gba kọ́bọ̀ lórí ìkànnì IRS, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà Social Security ẹnikẹ́ni ṣí àkántì, ẹ má sì yá ti ilé ìwé lò. Form 1023-EZ, fọ́ọ̀mù kúkúrú tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ 501(c)(3), jẹ́ $275, fún ẹgbẹ́ tí kò retí ju $50,000 lọ lọ́dún, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju $250,000 lọ. Form 1023 tó gùn jẹ́ $600. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ láàárín oṣù 27 tẹ́ ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àṣẹ náà á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọdún ìnáwó yín bá ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni 990-N gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sínú ìwé òfin ẹgbẹ́, kí ímeèlì ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ẹnì kan, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí owó tó ń jáde, kí ẹni tí kò sì lè fọwọ́ sí owó máa ka ìwé báńkì lóṣooṣù.

Ó ku owó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé girama tá a lọ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó. Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé náà tàbí sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wà ní Nàìjíríà kò ṣeé yọ ní Amẹ́ríkà, torí ẹgbẹ́ tó gbà á kì í ṣe èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ibí. Bí ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní Amẹ́ríkà bá ní 501(c)(3) tirẹ̀, owó tẹ́ ẹ fún ẹ̀ka yẹn ṣeé yọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìgbìmọ̀ ibí ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe, kí wọ́n máa gba ìròyìn bí wọ́n ṣe ná an padà, kí wọ́n sì lè dá a dúró bí kò bá lọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀ka tó kàn ń gba owó lọ́wọ́ yín tó sì ń tì í lọ sílé lọ́jọ́ kejì, láìní àṣẹ kankan lórí rẹ̀, IRS lè ka owó náà sí èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé fúnra yín.